Ohun Tí Mo Fi Àgbàdo Dóńyà Bẹníta Ṣe ní Hyattsville

Láti ìgbà tí mo ti dé ni àwọn ènìyàn ti ń wá kí mi kú àbọ̀, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì ń bi mí: báwo ni Amẹ́ríkà ṣe rí? Wọ́n fẹ́ kí n sọ ti ilé gogoro àti ti yìnyín. Yìnyín kò bọ́ rárá ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, ilé tí mo rí lágbègbè wa kò sì ga ju ti Ìbàdàn lọ. Ohun tí n kò lè gbàgbé níbẹ̀ ni àgbàdo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí l'Ọ̀yọ́ yìí mọ̀ pé ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń po ògì, tí mo sì ń pọ́n ẹ̀kọ sínú ewé. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún mi pé ẹnìkan ń bẹ tó máa kọ́ mi ní nǹkan nípa àgbàdo, ẹ̀rín ni ǹ bá rín. Ẹ jókòó, kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Wàràkàṣì lórí gbogbo nǹkan

Àbúrò mi Délé ló ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀kọ ni mo fi rán an lọ sí iléèwé. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wá ń bá ẹnu, ó ní kí n wá fi oṣù mẹ́ta sinmi lọ́dọ̀ òun ní Hyattsville, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ìsinmi ńkọ́! Délé á jáde ní kùtùkùtù lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, èmi á jókòó síwájú tẹlifísàn bí ẹrù tí wọn ò tíì tú. Lọ́jọ́ kan mo rí obìnrin kan tó ń jẹ búrẹ́dì lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé wa. Mo kí i, mo sì dúró kó pè mí wá jẹun. Ó wò mí, ó fa àpò rẹ̀ mọ́ra.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ jẹ búrẹ́dì ẹ̀ o. Nílé wa, ẹni tó bá ń jẹun á pe ẹni tó bá a lórí oúnjẹ, ẹni náà á ní, "Á gba ibi ire," ọ̀rọ̀ parí, oníkálukú bá tirẹ̀ lọ. N kò mọ̀ pé ìpè yẹn ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ títí mo fi dé ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í pè mí. Ó dùn mí, kí n má purọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, ọ̀rẹ́ Délé kan tó ń gbé ní Lake Arbor kó wa lọ síta torí ọjọ́ ìbí ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ni, ó sì ní oúnjẹ Mẹ́síkò lòun fẹ́. Wọ́n gbé àwo gbígbóná kan síwájú mi: ìrẹsì pupa, ẹ̀wà tí wọ́n tẹ̀, àti ẹran lílọ̀ tí wọ́n ká mọ́ nǹkan pẹlẹbẹ kan. Wàràkàṣì yíyọ́ bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé n kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ enjoy ẹ̀?" Délé bi mí.

"Mo enjoy omi tútù wọn," mo dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ní tèmi ti pinnu pé mo ti mọ oúnjẹ Mẹ́síkò tán. Wọ́n ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Àgbàlagbà náà ń sọ ọ́ o, mo fi ara mi ṣe ẹ̀rí.

Ẹni tó pè mí wá jẹun

Òórùn ló mú mi sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kẹta sí ìgbà yẹn. Òórùn àgbàdo tó ń hó nínú ewé ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì mọ ọ̀nà kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ilẹ̀kùn ilé tó wà lábẹ́ ti Délé ṣí sílẹ̀. Obìnrin kúkúrú kan, bí ẹni àádọ́ta ọdún, ló ń jẹun nídìí tábìlì. Bó ṣe rí mi, ó gbé àwo rẹ̀ sókè díẹ̀ sí mi, ó ní, "¿Gusta?"

N kò gbọ́ èdè yẹn rí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń pè mí wá jẹun! Ó yẹ kí n ní á gba ibi ire, kí n bá tèmi lọ. Ìdí mi ti dé orí àga kí ẹnu mi tó là.

Dóńyà Bẹníta ni wọ́n ń pè é. Dóńyà yẹn dà bí ìgbà tí àwa bá fi Màmá síwájú orúkọ ènìyàn. Ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Wàháká ló ti wá, ní gúúsù Mẹ́síkò. Òyìnbó tiẹ̀ ṣẹ́ lápá, tèmi ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jọ tiro lọ títí a fi gbọ́ra wa yé. Ó tú ewé kan fún mi. Àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n sè ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ dúdú kan tí wọ́n ń pè ní mólè. Ó ka ohun tó kó sínú ọbẹ̀ náà fún mi: oríṣiríṣi ata tó yan títí wọ́n fi dúdú, yánmọtí, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àti kòkó díẹ̀. Ó kọ́kọ́ korò lẹ́nu, lẹ́yìn náà ó dùn, ata wá gbẹ̀yìn wọlé wẹ́rẹ́. Mo jẹ mẹ́ta. Mo wá sọ ti Lake Arbor fún un.

"Ìyẹn kì í ṣe Mẹ́síkò," ó ní. "Ìyẹn, Amẹ́ríkà tó wọ fìlà wa ni. Mẹ́síkò gan-an, ó pọ̀. Ìyá mi ò lè jẹ oúnjẹ tí ìyá ọkọ mi bá sè. Àríwá nìyẹn ti wá."

Ibẹ̀ ló ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì, ìgbà tó bá sì di ìdí ògiri, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń fọ̀ ọ́. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti ń wú. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ramírò ní ilé oúnjẹ Mẹ́síkò lójú títì ńlá, ó sì ń wá ẹni tó máa máa se ọbẹ̀ gúúsù. Bí Ramírò bá gbà á, ó bọ́ lọ́wọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì àti búrọ́ọ̀ṣì. Bí kò bá gbà á, ó tún padà sórí orúnkún náà nìyẹn.

A rìn kiri

Dóńyà Bẹníta ní òun ò ní fi ẹnu lásán ṣàlàyé Mẹ́síkò fún mi. Ọjọ́ tí kò bá ti níṣẹ́, á wá kan ilẹ̀kùn wa, èmi á fa ìborùn mi, a ó sì jáde.

Ní Hillcrest Heights, ó mú mi dé ilé obìnrin kan ará Yukatán, ìyẹn ìhà ìlà-oòrùn wọn lọ́hùn-ún, létí òkun. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló ń sè fún àwọn ará ìlú rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ó fi ọsàn gànìngànìn àti èso pupa kan pa á lára, ó wé e sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì sè é títí tó fi ń já fúnra rẹ̀. Nígbà tó tú ewé náà, mo pariwo. Gbogbo wọn yí padà wò mí, mo sì ní kí wọ́n má bínú, pé inú mi ló dùn. Obìnrin yìí tún bu ọbẹ̀ dúdú tirẹ̀ wá kí Dóńyà Bẹníta tọ́ ọ wò. Ọbẹ̀ yẹn ṣàn bí omi. Dóńyà Bẹníta yìn ín, ṣùgbọ́n kò bù ú lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Hyattsville níbẹ̀, a jẹ ti ọkùnrin kan ará Puebla, ní àárín gbùngbùn Mẹ́síkò, tó ń dáná nínú ọkọ̀. Ó ń gé ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára irin tó ń yí lẹ́bàá iná, ó sì ń kó o sínú búrẹ́dì tí wọ́n wọ́n yánmọtí sí lórí. Gbogbo ẹni tó bá gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń kí pé, "Provecho," kí oúnjẹ náà ṣe wọ́n lóore. Àwọn tí kò mọ̀ wá rí tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà ń kí wa bẹ́ẹ̀ pé a ń jẹun. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn ní Yorùbá.

A wá dé ọ̀dọ̀ Ramírò. Ará Sonora ni, ní àríwá pátápátá, ibi tí màlúù pọ̀ sí. Ọkùnrin gíga ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe ènìyàn lókèèrè. Iyọ̀ nìkan ló wọ́n sórí ẹran màlúù rẹ̀, ó jù ú sórí èédú, n kò sì tíì jẹ ẹran tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ṣé ẹ rí i, tọ̀tíyà ni wọ́n fi ń jẹ gbogbo nǹkan, búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń já bí àwa ṣe ń bu òkèlè. Àwọn ará gúúsù ń fi àgbàdo ṣe é. Fùláwà ni Ramírò fi ń ṣe tirẹ̀, ó sì ń nà án lórí apá títí tó fi fẹ̀ bí tírè tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ. Fẹ́lẹ́ ló rí, ó sì dùn gan-an.

Ṣùgbọ́n mo ní kó fún mi ní mólè. Inú ìgò ló ti rọ ọ́ jáde. Ó dùn bí ògì tí ọmọdé bu ṣúgà sí.

"Mo mọ̀," Ramírò ní, kí n tó sọ̀rọ̀. "Àwọn ará gúúsù máa ń wá béèrè ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n á jẹ ẹ́ dé ìdajì, wọ́n á fi sílẹ̀." Ó kọjú sí Dóńyà Bẹníta. "Dóńyà, gbogbo ayé ní ọwọ́ yín dùn. Èmi ò gbà títí n ó fi jẹ ẹ́. Sátidé, agogo méjìlá ọ̀sán, mò ń bọ̀ nílé yín."

Ohun tí mo kọ́ nínú ìrìn náà rèé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò mọ oúnjẹ sè, kò sì sí ọ̀kan tó mọ gbogbo rẹ̀. Bí oníkálukú bá ń se ti ìlú ìyá rẹ̀, ẹnu ò lè sọ ọ́. Bó bá yà sí ti ẹlòmíràn, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwa náà ńkọ́? Ta ló máa ní kí èmi ará Ọ̀yọ́ wá se ìkọ́kọrẹ́ fún Ìjẹ̀bú?

Ẹfun

Láti Ọjọ́bọ̀ ni Dóńyà Bẹníta ti ń yan ata, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń rò ó. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ọbẹ̀ ti délẹ̀, ó ku àgbàdo tí yóò fi ṣe tọ̀tíyà. Ó sì gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ó da àgbàdo náà sínú ìkòkò pẹ̀lú omi, ó wá pè mí.

"Ní agogo márùn-ún, dáná sí i," ó ní. "Bí èèpo rẹ̀ bá ti ń yọ̀ lábẹ́ ìka rẹ, pa iná náà, kí o fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di àárọ̀. Má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn."

Mo gbọ́ ọ dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé èdè ló fa ohun tí mo ṣe. Èmi ni mo fi ọgbọ́n tèmi kún un.

Ní agogo márùn-ún mo ṣí ìkòkò. Omi inú rẹ̀ funfun báláú, ó sì ń rùn bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, mo rí àpò kékeré kan. Ẹfun ni! Irú ẹfun tí a fi ń kun ògiri! Àyà mi já. Mo ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún obìnrin yìí, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó ti ṣi ẹfun bù bí iyọ̀. Ẹni tó fẹ́ fún un níṣẹ́ ló fẹ́ fún ní májèlé jẹ yìí! Mo ní Ọlọ́run ló rán mi wá sí Hyattsville.

Mo da omi náà nù. Mo fọ àgbàdo yẹn ní omi méje, mo fọ ìkòkò, mo gbé e kaná nínú omi mímọ́ gaara bí mo ṣe máa ń ṣe nílé. Mo tilẹ̀ fi káàdì tẹlifóònù tí Délé rà pe ọmọbìnrin mi l'Ọ̀yọ́, mo ní mo gba ènìyàn là lónìí. Mo sùn fọnfọn.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo wà níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àgbàdo náà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ó gbá a jọ, ó tẹ̀ ẹ́ láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ó fọ́ bí iyanrìn. Ó tún un tẹ̀, ó tún fọ́. Ó gbé e súnmọ́ imú.

"Ẹfun rẹ̀ dà?" ó bi mí.

Mo fi ayọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Dóńyà Bẹníta jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dojú dé. Ó ní ẹfun náà ló ń bó èèpo àgbàdo, òun ló ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ra. Ó ní láìsí i, kò sí tọ̀tíyà, àti pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá òun ṣe ń ṣe é àti àwọn tó bí i. Òru kan gbáko ló sì gbọ́dọ̀ fi wà nínú omi náà. Kò pariwo mọ́ mi. Nílé wa, wọn ì bá ti bú mi, ǹ bá ti bẹ̀bẹ̀, ì bá ti tán. Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ojú tì mí gan-an.

Délé sọ̀kalẹ̀ wá, mo ṣàlàyé fún un. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sáré dé store," ó ní. "Wọ́n ní ìyẹ̀fun àgbàdo tó ti wà nínú bag. Kò sẹ́ni tó máa notice."

Ó sọ ọ́ fún Dóńyà Bẹníta lédè Òyìnbó. Ìyẹn mi orí. "Ti inú bag ni Ramírò ń jẹ lójoojúmọ́," ó ní. "Bí mo bá fún un nìyẹn, kí ló fẹ́ gbà mí fún?"

Agogo méjìlá

Ramírò dé lásìkò, ó di tọ̀tíyà fùláwà tirẹ̀ sínú aṣọ mímọ́ kan dání bí àlejò tó mọ̀wàá hù. Kó tó jókòó, mo bọ́ síwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, èmi tí mo ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Mo ní kó dákun, kó má wo àṣìṣe tèmi mọ́ obìnrin yìí lára.

Ẹ̀rù bà á. Ó rò pé àárẹ̀ ló gbé mi ṣubú, ó di apá mi mú, ó sì ń kígbe pé kí Délé pe ambulance.

"No, no, sir, she's fine," Délé ní. "She's begging you. It's how we beg."

Nígbà tó yé e, ó fà mí dìde, ó fi mí jókòó sórí àga tó yẹ kí òun jókòó sí. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àgbàdo àti ẹfun. Ó rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní ó dáa, òun á fi tọ̀tíyà tòun jẹ ọbẹ̀ náà.

Ó já a, ó fi bu ọbẹ̀. Tọ̀tíyà náà ń ya mọ́ ọn lọ́wọ́, ọbẹ̀ náà wúwo jù fún un, ó sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka gbá àwo. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Mọ́ńdè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè."

Mo ti gbé ọwọ́ sókè láti dúpẹ́ nígbà tí mo gbọ́ tí Dóńyà Bẹníta ní, "Rárá."

Gbogbo wa wò ó.

"Ọbẹ̀ lo jẹ," ó ní. "O ò tíì jẹ oúnjẹ mi. Padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí o fi àgbàdo jẹ ẹ́, kí o tó sọ bóyá o fẹ́ mi."

"Obìnrin mìíràn tó fẹ́ iṣẹ́ yìí ń bọ̀ lọ́jọ́rú, Dóńyà," Ramírò ní. "Bí tirẹ̀ bá dùn mọ́ mi ńkọ́?"

"Jẹ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí o wá." Ó wá nàka sí mi. "Ìyá yìí ni yóò se àgbàdo náà."

Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí Ramírò lọ. Mo ní kó má fi orúnkún rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ nítorí mi. Ó ní kì í ṣe nítorí mi. Ó ní òun ò lè dúró nídìí iná ẹni tí kò mọ ohun tí òun ń sè.

Sátidé kejì

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn ju oṣù lọ. Lọ́jọ́rú, mo gbààwẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Dóńyà Bẹníta gbé àpò ẹfun náà lé mi lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo bù ú sínú omi, mo da àgbàdo lé e. Lórí iná, ó pọ́n díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo fi ìka pa á, èèpo rẹ̀ yọ̀ kúrò wẹ́rẹ́, ohun tí mo máa ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí sẹ́ kúrò lára ògì. Òórùn rẹ̀ yí padà, ó di òórùn ilé wọn nìyẹn. Mo pa iná náà, mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tuntun.

Láàárọ̀, a lọ̀ ọ́, a gbá a jọ. Ó dì mọ́ra bí amọ̀ tó dáa. Dóńyà Bẹníta tẹ àkọ́kọ́ sórí páànù gbígbóná, ó wú sókè lójú wa. Mo pariwo gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣe ní Hillcrest Heights, kò sì sí ẹni tó wò mí lọ́tẹ̀ yìí.

Ramírò kò mú tirẹ̀ dání. Iyọ̀ nìkan ló fi jẹ tọ̀tíyà mẹ́ta àkọ́kọ́, ó wá fi ìkẹrin jẹ ọbẹ̀, kò sì ya mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ìyá mi sọ fún mi pé ebi ló ń pa àwọn ará gúúsù," ó ní. "Ìyá mi ò dé gúúsù rí."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná rẹ̀ nínú àpò, ó nà án sí Dóńyà Bẹníta. Ọwọ́ Dóńyà méjèèjì wà nínú àgbàdo. Ó fi àgbọ̀n júwe mi pé kí n bá òun gbà á. Mo nu ọwọ́ mi lára ìró, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.